Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Fi Dọ́là Ṣí Ìlẹ̀kùn Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ dákun, ẹ dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zechariah Oyètọ́lá ń bọ̀, a kì í sì í jókòó bí ó bá ń wọlé. Samson, akọ̀wé rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ké pé:

"Ẹ dìde fún Alákòóso Ìwádìí àti Ìtẹ̀jáde! Baba Jọ́nà! Ọkùnrin tí ó kọ ọgọ́fà àpilẹ̀kọ tí kò rẹ̀ ẹ́!"

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹja àti Ọ̀gbìn ni wọ́n ti ń ṣe eléyìí, lẹ́yìn Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ má wá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ o. Inú ìtàn mi nìkan ló wà.

Ọgọ́fà àpilẹ̀kọ! Ẹni mélòó ló ti kà wọ́n? Kò sí. Kì í ṣe pé a kò fẹ́. Inú àwọn jọ́nà tó máa ń tilẹ̀kùn ni ó tẹ̀ wọ́n sí, àwọn ìwé ìmọ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ ka ojú ewé mẹ́jọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san ogójì dọ́là. Ta ni yóò fi owó oúnjẹ oṣù kan ka bí Zechariah ṣe wọn ìrù ẹja? Nítorí náà, a gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò lè rí, ó rọrùn láti bọ̀wọ̀ fún un.

Lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kan níbi tí ó ti ń wo fọ́tò ara rẹ̀, lẹ́tà kan wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ó wá láti ọ̀dọ̀ Jọ́nà Àgbáyé fún Ìmọ̀ Lórí Ohun Gbogbo. Ó kà báyìí: "Ìwọ Ọ̀mọ̀wé Tí Òkìkí Rẹ̀ Kàn, ó pẹ́ tí a ti ń wo iṣẹ́ rẹ láti òkèèrè. Fi àpilẹ̀kọ rẹ ránṣẹ́ sí wa." Irú lẹ́tà yìí a máa dé sórí fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ní àdírẹ́sì ímeèlì. Ó dé sórí ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ pa tirẹ̀ rẹ́. Zechariah fi tirẹ̀ sí férémù.

Lẹ́tà náà ló là á lójú pé ayé ti yí. Àwọn olóòótọ́ ènìyàn kan ló jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kò tọ́ kí ìmọ̀ máa wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, pé kí gbogbo ayé máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Bí wọ́n bá pè mí, èmi náà ìbá jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn onísòwò ṣe sí i? Wọ́n gbé àpótí owó kúrò níwájú ẹni tí ń kàwé, wọ́n gbé e síwájú ẹni tí ń kọ̀wé. Ẹni tó bá lówó, kó kọ ọ́, kí ayé kà á. Ẹni tí kò bá ní, kó fi ìwádìí rẹ̀ di àkàrà.

Ohun tó ba èmi nínú jẹ́ ni inú Zechariah dùn sí jù. Ó pe ìpàdé gbogbo olùkọ́.

"Ẹ̀yin olùkọ́ kéékèèké," ni ó bẹ̀rẹ̀, "mo ti ronú. Mo mọ̀ pé bí mo bá ń ronú, ilẹ̀ a máa mì, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹja bá wọ́n lọ́jà, a mọ̀ pé ẹja gidi ni. Bí àpilẹ̀kọ bá wọ́n ńkọ́? Láti òní lọ, iye dọ́là tí olùkọ́ bá san ni a ó fi mọ bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Kò sí dọ́là, kò sí ìgbéga!"

"Ó jinlẹ̀!" ni Samson ké.

"N kò tíì parí."

"Ó ti jinlẹ̀ kí ẹ tó parí, sà!"

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, olùkọ́ kan ti ta ọ̀kadà rẹ̀, ó sì ti di ọ̀gá. Òmíràn tó ti ń kọ́ni láti ogún ọdún san àádọ́ta dọ́là péré. Wọ́n ní ìmọ̀ tirẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀.

Ìbíkẹ́ kò ní ọ̀kadà tí yóò tà. Ìwé nótì mẹ́ta ló ní. Ọ̀dọ́ olùkọ́ ni, ọdún méjì ló sì fi ń lọ sí Ibiade, níhà omi, tí ó ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn apẹja láti ka ẹja inú àwọ̀n wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, olórí apẹja, Bàbá Adédoyin, a tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, láti fi jẹ́rìí pé bí ẹja ṣe jẹ́ nìyẹn. Ìpẹ́ ẹja a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí Ìbíkẹ́ rí kò le láti sọ: bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ díẹ̀, tí ọmọ ẹja ń rí àyè jáde, ẹja ọdún tó ń bọ̀ yóò pọ̀ ju ti èṣí lọ.

Jọ́nà gidi kan gba iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni owó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò yọ̀ǹda rẹ̀ fún olùkọ́ tí agbára rẹ̀ kò ká a, bí Alákòóso rẹ̀ bá fọwọ́ sí lẹ́tà kan láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ọdún tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń dán Ìbíkẹ́ wò sì ń lọ sópin. Bí oṣù Kejìlá bá dé tí àpilẹ̀kọ náà kò jáde, kí ó kó ẹrù rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ni Ìbíkẹ́ wí, ó kúnlẹ̀.

"Kí lo gbé wá?"

"Lẹ́tà ni, sà. Ìfọwọ́sí yín nìkan ló kù. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀."

"Wọn ò ní gba kọ́bọ̀?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ta gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. "Samson! O gbọ́ ọ? Ó fẹ́ kí n fi ọwọ́ mi yìí kọ ọ́ pé tálákà ni wá!"

"Ẹ̀gbin ni, sà."

"Sà, owó oṣù mi ò lè..."

"Má dárúkọ owó oṣù níwájú férémù yẹn! Bárà lèyí. Bárà àgbáyé! Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kì í tọrọ." Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn tébù inú iṣẹ́ náà, tí nọ́ńbà tò sínú wọn ní kèdèrè. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣùgbọ́n fi ìwé náà sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀. N óò yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá àánú á ṣe mí."

Ẹ bá mi kígbe sí i: Ìbíkẹ́, má fi sílẹ̀! Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti fi sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Àgbà ló ní kó fi sílẹ̀.

Kí ẹ má ṣe rò pé olè ni Zechariah o. Olè a máa yọ́ kẹ́lẹ́. Ọ̀sán gangan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pa orúkọ Ìbíkẹ́ rẹ́, ó kọ tirẹ̀. Ó sọ ọdún méjì di ọdún méje. Nígbà tí ó dé tébù kẹta, ó rí i pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ṣófo. Ó mi orí.

"Ọ̀lẹ ọmọ! Samson, o rí i? Gbogbo Furáídeè ló fi ń sùn."

Ó bá fi ẹja kún ọjọ́ Ẹtì. Ẹja ńláńlá ló fi síbẹ̀, ó pọ̀ ju ti gbogbo ọjọ́ yòókù lọ. Ọkùnrin yìí kò dé Ibiade rí. Ẹ̀rù omi ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ ní Japara, Samson ló ń pọ̀n ọ́n kọjá gọ́tà.

Fọ́ọ̀mù Jọ́nà Àgbáyé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ olórí àwọn tí o ṣe ìwádìí láàárín wọn fọwọ́ sí i? Ìdáhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ó fọwọ́ sí i, ó kọ̀, ó ti kú.

"Ta ni Adédoyin?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bèèrè.

"Olórí apẹja tó wà nínú ìwé ọmọ yẹn ni, sà."

"Ṣé a lè rí ìfọwọ́sí rẹ̀?"

"Ibiade jìn, sà. Omi sì wà níbẹ̀."

Zechariah dijú. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ni ó wí, ó sì fa igi sí ìdáhùn kẹta. Báyìí ni Bàbá Adédoyin ṣe kú ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀bà ní Ibiade, tí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó kọ ọ́ sí iwájú àpilẹ̀kọ náà pé: "Ní ìrántí olóògbé Adédoyin, ọ̀rẹ́ mi, tí ó kú sí apá mi nínú ọkọ̀."

Wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là láti inú owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tọ́jú fún ẹ̀rọ omi yàrá ìwádìí. Ọjọ́ kẹta, èsì dé: àwọn onímọ̀ mẹ́ta ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan ní ó dára, ìkejì ní ó dára, ìkẹta ní ó dára. Gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yin ará, òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fara balẹ̀ gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ̀wé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì. Ó gbàgbé pé ìlẹ̀kùn tó bá ṣí, ojú ń wọlé.

Ńṣe ló tilẹ̀ ń fa ènìyàn wọlé. Ó ní òun yóò ṣe ìdúpẹ́ ọlọ́lá ní Ìjọ Aládùúrà Òkè Ayọ̀ ní Japara, ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ka ìjọ náà, títí dé ti ìhà omi, máa ń pàdé. Ó tẹ ẹgbẹ̀rún kan ìwé ìkéde. Fọ́tò rẹ̀ wà níwájú. Àdírẹ́sì tí ènìyàn yóò tẹ̀ sórí fóònù láti ka àpilẹ̀kọ náà wà lẹ́yìn.

Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Ìbíkẹ́. Ó kà á lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìkàwé. Ó rí tébù rẹ̀, ó rí ẹja rẹ̀, kò rí orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, jọ́nà gidi kọ̀wé sí i: iṣẹ́ rẹ jọ ti ẹlòmíràn tó ti jáde, wí tẹnu rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dá a nù.

Ibiade ló gbà lọ. Ó bá Bàbá Adédoyin lábẹ́ àgọ́, tí ó ń tún àwọ̀n ṣe, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń jẹ́ Favour, akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, jókòó tì í. Favour ti rí ìwé ìkéde kan gbà ní ìjọ wọn, ó sì ti tẹ àdírẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ àgbà.

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "Mo kú?"

"Ẹ kú, Bàbá. Inú ọkọ̀ lẹ kú sí."

"Ṣé wọ́n sin mí dáadáa?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ahun ni wọ́n." Ó já òwú. Nígbà náà ló rí i pé Ìbíkẹ́ ń sunkún, ó sì gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ìbíkẹ́, ọmọ mi, àwọn ìwé tí mo tẹ ọwọ́ sí dà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà mí gbọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n."

"Èmi náà, òkú ni mí. Òkú kì í bẹ̀rù ọ̀jọ̀gbọ́n." Ó mú ìwé ìkéde náà, ó wo fọ́tò Zechariah pẹ́. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé tẹrú tọmọ ni kó wá, àbí?"

Ọjọ́ Àìkú pé. Ní Òkè Ayọ̀, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ọlọ́lá àti ẹsẹ̀ tálákà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ó dun Zechariah púpọ̀, nítorí bàtà rẹ̀ tuntun ni, ó ń dán bí ojú dígí. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ní àárín gbùngbùn, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì wọlé nínú sùtáná tí wọ́n fi òwú wúrà kọ "BABA JỌ́NÀ" sí lẹ́yìn.

Ó gun orí pèpéle láti jẹ́rìí.

"Halelúyà! Ọdún méje, ará! Ọdún méje ni mo fi gbé lórí omi Ibiade! Ìjì jà, mo ní kó dákẹ́. Ọ̀nì wá, a wo ara wa lójú, ọ̀nì ló kọ́kọ́ tijú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi Adédoyin..." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ó gbé orí lé àyà mi. Ó ní, 'Zechariah, máa kọ̀wé lọ.' Ó sì mí kanlẹ̀."

"Ó mí kanlẹ̀!" ni Samson ké, ó ń nu ojú.

Àánú ṣe Àpọ́sítélì Oríolúwa, olùṣọ́ ìjọ náà. Ó ní kí gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà fún ìsinmi ọkàn olóògbé. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Kó tó kan Àmín, ohùn kan dìde láàárín àwọn ará ìhà omi:

"Àpọ́sítélì, ẹ dákun, ẹ bá mi fi orúnkún mi kún un. Òun ló ń dùn mí jù láti ìgbà tí mo ti kú."

Gbogbo orí yí padà. Bàbá Adédoyin dìde díẹ̀díẹ̀, ó di èjìká Favour mú.

"Dede yín, gbogbo yín tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ kú ìnáwó mi o."

"Ta... ta ni yín, Bàbá?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bèèrè.

"Adédoyin ni. Àyà yín ni mo gbórí lé."

"Adédoyin mìíràn ni! Wọ́n pọ̀ ní ìhà omi!"

"Wọ́n pọ̀ bí iyanrìn, sà!" ni Samson wí, ṣùgbọ́n kò ké e mọ́.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá fèsì. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan péré. Bí ẹ bá gbà á, màá padà sí ibojì mi. Ọmọ-ọmọ mi ka ìwé yín fún mi. Ọ̀fẹ́ ni; Ọlọ́run á bù kún yín fún ìyẹn. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ẹja wa ń pọ̀ jù?"

Ojú Zechariah là. Ìbéèrè ìdánwò nìyí, òun kò sì pàdánù ìdánwò rí. "Ọjọ́ Ẹtì!" ni ó ké. "Ó wà nínú tébù kẹta!"

Bàbá kọjú sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọkùnrin Ibiade, ẹ dìde." Ọkùnrin méjìlá dìde nínú aṣọ funfun. "Kí la ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì?"

"À ń sá àwọ̀n!"

"Kí tún la ń ṣe?"

"À ń tún àwọ̀n ṣe!"

"Ta ló ń pẹja?"

"Kò sí! Ní ọjọ́ Ẹtì? Láti ayé àwọn baba wa!"

Ìyá kan láti ẹ̀yìn fọhùn: "Ẹja ọjọ́ Ẹtì ti Púróòfù, ta wá ló jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín bú. Àpọ́sítélì gbé ọwọ́ sókè fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n èjìká òun gan-an ń mì. Nígbà náà ni Ìbíkẹ́ bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé nótì mẹ́ta. Bàbá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí tádàwà akọ̀wé ìjọ, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́tò Zechariah nínú ìwé ìkéde, ní imú gan-an, ó sì gbé e lé Àpọ́sítélì lọ́wọ́. Àpọ́sítélì fi wé ti inú ìwé nótì, ewé lẹ́yìn ewé. Ìlà kan náà ni. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan sì ṣófo, bí ó ti yẹ kó ṣófo.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ wá ṣàlàyé fún ìjọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ó ń sáré lójú títì Japara láìwọ bàtà, "BABA JỌ́NÀ" ń dán lẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn. Samson dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo títì, ó wo bàtà tí ń dán. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́ wò. Ó bá a mu.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fídíò tí Favour fi fóònù yà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti dé Àgọ́-Ìwòyè. Ọlọ́kadà ń ka àpilẹ̀kọ náà ní gáréèjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á ní yàrá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ènìyàn ti ka àpilẹ̀kọ Zechariah. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan ní gbogbo agbègbè náà tí òǹkàwé rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ó kọ̀wé sí Jọ́nà Àgbáyé pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n fèsì: "Ìwọ Ọ̀mọ̀wé Tí Òkìkí Rẹ̀ Kàn, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni owó yíyọ àpilẹ̀kọ kúrò. Ìkéde pé a yọ ọ́ yóò wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí kò bá lágbára lè gba ìyọ̀ǹda, bí Alákòóso rẹ̀ bá fọwọ́ sí lẹ́tà."

Alákòóso kọ́ ni Zechariah mọ́. Ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lé e, wọ́n ní kó dá owó ẹ̀rọ omi padà. Ọ̀mọ̀wé Ọláníkẹ́, ìyá àgbà tó ń bójú tó ilé-ìkàwé, ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Samson wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà nínú bàtà tí ń dán: "Ẹ dìde fún Ìyá Jọ́nà!"

"Samson," ni Màmá wí, "jókòó. Kí o sì dá bàtà oníbàtà padà."

Ìbíkẹ́ ti ń dúró. Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́ta nìyẹn. Màmá ka lẹ́tà náà, ó fọwọ́ sí i. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ènìyàn, ìṣẹ́jú kan! Ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dọ́ olùkọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọkùnrin kan jókòó, ó fi fìlà bojú, lẹ́tà wà lọ́wọ́ òun náà.

Màmá ka tirẹ̀. Ó wo férémù aláwọ̀ wúrà tó ṣì wà lára ògiri.

"Zechariah, èyí kì í ṣe bárà?"

Ó fa fìlà wálẹ̀ sí i. Màmá fọwọ́ sí i fún un náà. Báyìí ni òdodo ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀san.

Ìwé nótì mẹ́ta náà, tí Ìbíkẹ́ ti ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, tẹ́ jọ́nà gidi lọ́rùn. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, iṣẹ́ Ìbíkẹ́ jáde, ó sì gbé e lọ sí Ibiade lórí fóònù. Ọjọ́ Ẹtì ni. Gbogbo àwọ̀n wà lórí òpó, gbogbo apẹja wà nílé.

"Èló ni wọ́n fi ń kà á?" ni Bàbá Adédoyin bèèrè.

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá."

"Ìwọ tó kọ ọ́ ńkọ́?"

"N ò san kọ́bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

Ìbíkẹ́ ṣí ìparí rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Adédoyin, olórí apẹja Ibiade, tí ó wà láàyè nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ó sì tún wà láàyè nísinsìnyí."

Bàbá fà sẹ́yìn lórí àga, ó na ẹsẹ̀ tí ń dùn ún.

"Tún un kà, ọmọ mi. Kà á sókè dáadáa. Etí òkú jìn."